TA NI YÓÒ SAN GBÈSÈ ERÉ?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo ní ìbéèrè kan fún yín, kì í sì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń bèèrè nínú ìdánwò. Ọmọkùnrin kan gbé mọ́tò rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì ní Múṣin. Ó ní kí wọ́n bá òun tún gíà ọ́tò inú rẹ̀ ṣe, kó lè gba agbára ju bí wọ́n ṣe kọ́ ọ lọ, torí òun fẹ́ máa fi mọ́tò náà díje. Mẹkáníìkì yìí mọṣẹ́. Ó ṣe é, ó dára, ó gbowó rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mọ́tò náà yà kúrò lójú ọ̀nà ní Ìkòròdú Road, ó sì pa ẹni tó ń ta búrẹ́dì lẹ́bàá títì. Ta ló jẹ̀bi? Ṣé awakọ̀ nìkan ni, àbí mẹkáníìkì náà ní ìpín tirẹ̀ níbẹ̀?

Mo kàn fi ṣe àpẹẹrẹ ni o, mi ò fi bá ẹnikẹ́ni wí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé ọ̀rọ̀ yìí síwájú èèyàn mẹ́wàá ní Yaba níbí, ọ̀nà méjì ni wọ́n máa pín sí. Àwọn kan á ní awakọ̀ ló jẹ̀bi, ó parí: “Ṣé alágbẹ̀dẹ tó rọ ọ̀bẹ ló gún èèyàn ni?” Àwọn kejì á ní mẹkáníìkì mọ ohun tó ń ṣe, ó sì gbowó, owó ẹ̀jẹ̀ ló gbà. Èmi rò pé àwọn méjèèjì ti yára dáhùn jù. Wọn ò tíì wo inú gíà náà. Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀ ná, torí inú irin yẹn gan-an ni mo ti rí ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ẹni tó bá ti wa mọ́tò oníkílọ́ọ̀ṣì rí mọ̀ pé ẹsẹ̀ òun ló wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti táyà. Bẹ́ẹ̀ ni mólùé ayé àtijọ́ rí, bẹ́ẹ̀ náà ni Volkswagen ìjàpá tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Èkó ní 1975. Bí o bá gbẹ́sẹ̀ lójijì, mọ́tò á fò sókè, á sì kú. Gíà ọ́tò ló wá gba iṣẹ́ ẹsẹ̀ yẹn ṣe. Iléeṣẹ́ General Motors ní Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ ṣe é tà lọ́pọ̀ yanturu, nínú Oldsmobile ti 1940, Hydra-Matic ni wọ́n pè é. Lọ́dọ̀ tiwa, tòkunbọ̀ ló gbé e wọ àdúgbò, Camry, Corolla, Honda tó gba Kùtọnu wọlé, débi pé ọ̀pọ̀ nínú wa ló mọ mọ́tò wà lónìí tí kò mọ kílọ́ọ̀ṣì tẹ̀.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́? Ẹ gbé fáànù méjì kojú ara wọn. Ẹ tan ọ̀kan, ẹ má tan èkejì. Atẹ́gùn èyí tí ẹ tàn á bẹ̀rẹ̀ sí í yí èyí tí ẹ ò tàn. Bí torque converter ṣe rí nìyẹn, àmọ́ ọ́ìlì ló wà níbẹ̀ dípò atẹ́gùn. Ẹ́ńjìnnì ń yí apá kan, ọ́ìlì ń yí apá kejì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn irin eléyín wà, àti àwọn àwo pẹlẹbẹ kan tí wọ́n tò léra wọn bí abọ́ oúnjẹ. Nígbà tí ọ́ìlì bá fi agbára tì wọ́n, àwọn àwo yìí á di ara wọn mú, mọ́tò á sì lọ. Valve body ni ọ̀gá tó ń pín ọ́ìlì náà: ìwọ lọ síbí, ìwọ dúró ná, ó ti tó kí ìwọ náà wọlé.

Àwo mélòó ló wà níbẹ̀? Iye tó tó ẹ́ńjìnnì tí iléeṣẹ́ fi sínú mọ́tò yẹn ni. Bí o bá wá so turbo mọ́ ẹ́ńjìnnì, tàbí o gbé ẹ́ńjìnnì ńlá sínú mọ́tò kékeré, àwọn àwo náà ò ní lè di ara wọn mú mọ́. Wọ́n á máa yọ̀. Bí wọ́n bá ń yọ̀, wọ́n á gbóná. Bí wọ́n bá gbóná, ọ́ìlì á jóná, á dúdú, á sì máa rùn. Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ ní Ládípọ̀ kì í béèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ: á fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì gíà yọ, á gbé e sí imú, á wá wò ọ́ lójú. O ti mọ̀ pé owó ń bọ̀ wá jáde nìyẹn.

Àwọn tó ń fi mọ́tò díje lọ́nà tààrà, èyí tí wọ́n ń pè ní drag racing, ti mọ ìṣòro yìí tipẹ́. Ìdíje tiwọn ò ní kọ́nà. Mọ́tò méjì, ọ̀nà tó gùn tó mítà 402, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé òpin ló borí. Kí gíà ọ́tò má bàa tú ká lábẹ́ wọn, wọ́n á fi kún iye àwo inú rẹ̀, wọ́n á pààrọ̀ ọ̀pá irin tó ń gbé agbára wọlé sí èyí tó le jù ú lọ. Wọ́n á pààrọ̀ torque converter, kí ẹ́ńjìnnì lè kọ́kọ́ ké dáadáa kí mọ́tò tó gbéra, torí ibi tó ti ń ké ni agbára rẹ̀ wà. Wọ́n á fi rédíétọ̀ kékeré kan sí i fún ọ́ìlì gíà nìkan, kó lè máa tutù. Lẹ́yìn náà, wọ́n á tú valve body, wọ́n á tún un ṣe kó má lè pààrọ̀ gíà fúnra rẹ̀ mọ́. Awakọ̀ ni yóò máa pàṣẹ. Àwọn kan á tún fi transbrake sí i, èyí tó ń mú gíà iwájú àti rìfáàsì lẹ́ẹ̀kan náà: mọ́tò á dúró pa bí ẹran tí wọ́n so mọ́lẹ̀, ẹ́ńjìnnì á máa ké, títí awakọ̀ á fi gbọ́wọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ò wá gíà ìgbàlódé tó gbọ́n. Powerglide ti Chevrolet, èyí tí wọ́n ṣe láti 1950 sí 1973, tí kò ní ju gíà méjì lọ síwájú, ṣì wà lára èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù. Kò wúwo, kì í jẹ agbára ẹ́ńjìnnì púpọ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n sì máa pààrọ̀ gíà kí eré tó parí. Ẹ wò ó dáadáa. Ohun tí wọ́n ṣe kí awakọ̀ má bàa ronú, wọ́n tún un ṣe kí awakọ̀ lè máa pàṣẹ fún un. Ìpinnu ti padà sọ́wọ́ èèyàn. Ibi tí ìpinnu bá sì wà, ibẹ̀ ni ẹ̀bi máa ń wá béèrè ẹni.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyí. Ẹni tó bá fún gíà lágbára rò pé òun ti ṣẹ́gun ibi tí mọ́tò òun kù sí. Rárá o. Kò ṣẹ́gun rẹ̀, ó kàn lé e kúrò níbẹ̀ ni. Àìlera inú mọ́tò kì í kú, ṣe ló máa ń ṣí kiri.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí gbogbo wa mọ̀ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì ṣe àlàyé. Ẹnì kan ń se ìrẹsì lórí sítóòfù oníná, fíúùsì já. Ó pààrọ̀ rẹ̀, ó tún já. Ọ̀gbẹ́ni yìí wá wá wáyà kọ́pà kan tó nípọn, ó fi dí ojú ibẹ̀. Kò já mọ́. Inú ẹ̀ dùn, ìrẹsì jinná. Ṣùgbọ́n iná tí fíúùsì ń dá dúró ti wọ inú ògiri lọ, ó ń mú wáyà tó wà lẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì gbóná. Fíúùsì tó ń já yẹn, ẹ̀ṣọ́ ni. Òun ló gbà láti kú kí ilé má bàa jó.

Gíà tó ń yọ̀ náà, ẹ̀ṣọ́ ni lọ́nà kan. Bó ṣe ń yọ̀ un, kò jẹ́ kí gbogbo agbára ẹ́ńjìnnì dé ilẹ̀. Ní ọjọ́ tó o bá tún un ṣe tó dúró gbọn-in, agbára náà á kọjá lọ bá ohun tó tẹ̀ lé e. Bí èyí bá gbà á, á kọjá sí táyà. Fi táyà tó mú ilẹ̀ dáadáa sí i, á wá ku bíréèkì, torí ohun tó bá yára gbéra gbọ́dọ̀ lè dúró. Tún bíréèkì náà ṣe. Kí ló wá kù? Ojú awakọ̀ ló kù, àti ọkàn rẹ̀, àti ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá tó ní láti rí ohun tó wà níwájú. Kò sí ẹni tó ń ta àwo tí wọ́n fi ń fún ojú lágbára ní Ládípọ̀. Bó bá sì kọjá awakọ̀, ẹni tó dúró lẹ́bàá títì ló kàn. Ibi tó bá rọ̀ jù ni yóò já, ẹran ara ló sì rọ̀ jù nínú gbogbo wọn.

Ìdí nìyí tí mo fi ń pe àfikún agbára ní gbèsè. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, gbèsè ni. A lè jẹ gbèsè ká sì san án. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé, ta ló ń san án?

Níbi tí wọ́n ti gbọ́n sí eré yìí, àwọn tó ń gbádùn rẹ̀ ló ń san án. Ní 1951, wọ́n dá ẹgbẹ́ NHRA sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, kí àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi mọ́tò sáré lè kúrò lójú títì gbogbo ayé, kí wọ́n lọ máa sá a níbi tí wọ́n yà sọ́tọ̀. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ náà ò wá lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ọjọ́ 8, oṣù kẹta, ọdún 1970, ní pápá Lions ní ìpínlẹ̀ California, Don Garlits jókòó sínú mọ́tò rẹ̀. Lásìkò yẹn, iwájú awakọ̀ ni ẹ́ńjìnnì máa ń wà, gíà sì wà nítòsí ẹsẹ̀ rẹ̀. Bó ṣe gbéra báyìí, gíà bú gbàmù. Mọ́tò gé sí méjì, irin gé lára ẹsẹ̀ ọ̀tún Garlits dànù, òǹwòran kan náà sì fara gbọgbẹ́. Ṣé ó wá ní gíà tó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nìkan lòun ń wá? Ó ronú jìnnà ju ìyẹn lọ. Ó kọ́ mọ́tò mìíràn tí ẹ́ńjìnnì àti gíà wà lẹ́yìn awakọ̀, kó lè jẹ́ pé bí irin bá tiẹ̀ bú, kò ní bá ara èèyàn níwájú. Ní 1971 ó gbé e jáde, ó ń fi í borí, kò sì pẹ́ tí àwọn yòókù fi tẹ̀ lé e.

Ní tòótọ́, òfin wọn ní kí wọ́n fi ohun tó nípọn wé gíà mọ́tò tó bá ti yára kọjá ìwọ̀n kan, kí irin má bàa fò jáde bó bá tú. Lẹ́yìn tí Scott Kalitta kú nínú ìdíje ní oṣù kẹfà, ọdún 2008, wọ́n dín ọ̀nà àwọn mọ́tò tó yára jù kù, láti mítà 402 sí nǹkan bíi mítà 305. Ẹ gbọ́ ohun tí mò ń sọ: wọ́n dín eré kù! Àwọn tó jẹ́ pé eré ni iṣẹ́ wọn gbà pé ó ní ibi tí agbára ti pọ̀ ju ohun tó ń gbé e lọ.

Ẹ jẹ́ ká padà wálé. Èdè wa ní ọgbọ́n kan nínú. Ohun tí ọmọdé ń ṣe lábẹ́ igi, eré la ń pè é. Ohun tí mọ́tò ń sá lójú títì, eré náà la ń pè é. Bóyá ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn kan rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Fún àwọn tó ń fẹsẹ̀ sáré, ìjọba kọ́ pápá ìṣeré ńlá sí Sùúrùlérè ní 1972, wọ́n fi ògiri yí i ká, wọ́n ṣe ibi tí òǹwòran á jókòó sí. Fún ẹni tó bá fẹ́ fi mọ́tò sáré ní Mainland, títì tí gbogbo wa jọ ń rìn ló kù: Ìkòròdú Road, Funsho Williams Avenue tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní Western Avenue, àti afárá Third Mainland tí wọ́n ṣí ní 1990. Ó di òru, nígbà tí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ bá ti tán.

Ta ló sì wà lójú títì lóru? Ìyá tó ń gbálẹ̀ ní ìdájí, tí ẹ̀wù rẹ̀ ń dán lára kí mọ́tò lè rí i. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbi iṣẹ́ ní Ojúẹlẹ́gba tó ń wá bọ́ọ̀sì ìkẹyìn. Mèkúnnù ni wọ́n. Wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní torque converter. Kò sẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n fẹ́ bá òun ṣeré, àmọ́ orúkọ wọn ló wà nínú ìwé gbèsè náà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bi mẹkáníìkì wa. Àwọn tó ń gbèjà rẹ̀ ní alágbẹ̀dẹ ni, ọ̀bẹ ló rọ. Àwé, ọ̀bẹ yàtọ̀. Ọ̀bẹ ń gé ẹ̀fọ́, ó ń bẹ iṣu, ó ń já okùn. Ẹni tó rà á nìkan ló mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Gíà tí wọ́n fi transbrake sí kò bẹ iṣu fún ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ní láyé. Àwọn baba wa ní bí alágbẹ̀dẹ bá ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ẹ sì rántí pé Ògún kan náà ni alágbẹ̀dẹ, ọdẹ, awakọ̀ àti mẹkáníìkì ń bọ. Wọn ò pín in sí méjì, kí wọ́n ní ẹni tó rọ irin ń jẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀, ẹni tó lo irin ń jẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ṣùgbọ́n mi ò ní ká so ẹrù náà mọ́ gbogbo èèyàn lọ́rùn. Ẹni tó ta gíà tòkunbọ̀ ní Ládípọ̀ tí kò mọ mọ́tò tó ń lọ, ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ìmọ̀ ló ń sọ ẹ̀bi di ńlá tàbí kékeré. Bí o ṣe mọ ibi tí gbèsè náà máa bọ́ sí tó, bẹ́ẹ̀ ni ìpín rẹ ṣe tó nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ìbéèrè kan wà tí mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ gbọ́dọ̀ bi oníbàárà rẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó:

“Ọ̀gá, ẹ bá mi ṣe gíà yìí kó le dáadáa. Mo fẹ́ fi na àwọn ọ̀rẹ́ mi.”

“Kò burú, àbúrò. Níbo lẹ ti máa sá a?”

“Ojú títì náà ni, ọ̀gá. Ibo ló tún wà?”

Lẹ́yìn ìdáhùn yẹn, kò sí “mi ò mọ̀” mọ́. Ìdí rèé tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fi í béèrè. Wọ́n ń sá fún ìdáhùn. Àmọ́ ẹni tó di etí rẹ̀ kí ó má bàa gbọ́, ó ti gbọ́ ná kó tó di í.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ máa ní owó ilé ń bẹ lọ́rùn mẹkáníìkì, owó ilé-ìwé ọmọ ń bẹ, bí òun ò bá ṣe é, ẹlòmíràn á ṣe é. Òótọ́ ni, mi ò ní fi ẹnu ọmọ tó ń jẹun ilé bàbá rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà ìyẹn. Ó tiẹ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: bí ẹni tó mọṣẹ́ bá kọ̀ ọ́, ọmọkùnrin yẹn á lọ bá ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe, gíà á wá tú lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bíi ti Garlits. Nígbà náà, ṣé kíkọ̀ yẹn dáàbò bo ẹnikẹ́ni? Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti rú mi lójú fún ọjọ́ pípẹ́.

Ibi tí mo dúró sí báyìí nìyí. “Ẹlòmíràn á ṣe é” kò pa gbèsè rẹ́, ó kàn ń sọ fún wa pé ẹni tó lè jẹ ẹ́ pọ̀ ni. Mẹkáníìkì lè kọ̀, kó sì sọ ìdí rẹ̀ fún ọmọ náà bí ẹ̀gbọ́n ṣe ń bá àbúrò sọ̀rọ̀, torí ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún rí. Bó bá sì jẹ́ pé ó máa ṣe é, kó ṣe gbogbo rẹ̀ tán: gíà, bíréèkì, táyà, ohun tí wọ́n fi ń wé gíà, kó sì jẹ́ ti ẹni tó ní ibi tí wọ́n dí pa láti sá a. Ẹni tó bá ní owó agbára lọ́wọ́ àmọ́ tí kò ní owó ìdádúró, kò tíì ní owó agbára. Ohun tí kò tọ́ ni ká ta ìdajì tó dùn, ká fi ìdajì tó korò sílẹ̀ fún ẹni tí kò sí níbi ìdúnàádúrà.

Kí ló kàn wá nínú èyí, àwa tí a ò ní ju owó bọ́ọ̀sì lọ? Ó kàn wá gan-an. Iṣẹ́ tí a wá kọ́ ní Akọkà àti ní Yabatech, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni fífi kún agbára ẹlòmíràn. Ọmọ kọ̀ǹpútà tó ń kọ ètò fún àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù, àfikún agbára ló ń tà. Ẹni tó ń bá èèyàn kọ prójẹ́ẹ̀tì kó lè gba ìwé-ẹ̀rí tí kò mọ nǹkan kan nínú rẹ̀, òun náà ń tún gíà ṣe: oníwèé-ẹ̀rí yẹn á gbéra o, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ń bọ̀ tí aláìsàn tàbí ilé alájà mẹ́ta máa wà níwájú rẹ̀. Àwa náà tó ń dìbò fún olórí akẹ́kọ̀ọ́, tí à ń fún un ní agbára láì wo ohun tó máa dá a dúró bó bá ṣìnà, gíà là ń tún ṣe yẹn.

Mi ò sọ pé ká má ṣe fi kún agbára. Bí kò bá sí àfikún, kì bá tí sí ọkọ̀, kì bá tí sí iná mànàmáná. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí á tó fi kún un, ká wo ẹ̀yìn irin tí à ń fún lágbára, ká tọ ọ̀nà náà dé òpin, ká béèrè ẹni tó rọ̀ jù níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé àwa fúnra wa ni, a lè pinnu. Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn, ẹ jẹ́ ká bi í kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí kò bá gbà pẹ̀lú mi, pàápàá ẹ̀yin ará ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ, ẹ kọ èsì tiyín wá fún ìtẹ̀jáde tó ń bọ̀. Ẹ ṣáà má kọ ọ́ pé “ọ̀bẹ ni mo rọ”. A ti dáhùn ìyẹn.